Àgbébọ̀ Ológán àti Ọwọ́ Dúrójayé

Kí iyán uṣu tuntun há mi lọ́fun níwájú àwọn àna mi bí mo bá fi irọ́ ẹyọ kan bu iyọ̀ sí ìtàn yìí. Òótọ́ ni látòkè délẹ̀. Ibi tó bá dùn jù nínú rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló jẹ́ òótọ́ jù. Mo tètè ń sọ ọ́ nítorí mo mọ àwọn ọmọ ìwòyí: ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ adìyẹ lásán, wọn á ní kí ẹ mú ìwé wá. Èmi kò jókòó níwájú olùkọ́ kankan rí, ara mi ni mo fi kọ́ ara mi, síbẹ̀ àwọn tó jókòó níwájú olùkọ́ ló ń gbé lẹ́tà wá kí n bá wọn túmọ̀ rẹ̀. Ó tó báyìí nípa tèmi. Ọ̀rọ̀ Dúrójayé ló wà nílẹ̀.

Ará Ìjurìn-Èkìtì ni Dúrójayé, àgbẹ̀ kòkó, ọmọ ìjọ Áńgílíkà láti inú ìyá rẹ̀ wá. Kò sí ohun kan lára ayé rẹ̀ tí èèyàn lè tìtorí rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Kòkó rẹ̀ kò pọ̀ ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ. Páànù ló fi bo ilé rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n páànù náà ń jò níbi méjì tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀, àti níbi márùn-ún tí Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Mary, tó ti lọ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lókèèrè. Gbogbo ohun tí Elédùmarè fi dá Dúrójayé lọ́lá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló kó o sí.

Ọwọ́ yìí mọ adìyẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láyé ìgbà náà, bí àwọn ará oko bá kó adìyẹ wá sọ́jà Ìjerò, inú agbọ̀n ni wọ́n máa ń kó wọn sí, wọ́n á so wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n á fi ewé bò wọ́n lórí kí oòrùn má baà pa wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ rà, ọwọ́ ni yóò kì bọ abẹ́ ewé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ké sí Dúrójayé. Yóò di ojú méjèèjì, yóò gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni ń gbọ́ orin láti ọ̀run, yóò ki ọwọ́ bọ inú agbọ̀n, yóò sì máa wá ogán kiri. Ẹ mọ ogán: ẹ̀gún líle tó máa ń yọ lẹ́yìn ẹsẹ̀ àkùkọ, èyí tó fi ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà.

"Akọ," ni yóò wí. "Abo. Abo. Akọ, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta. Ẹ má ra ìyẹn, abo ni, ó ń sun ẹkún."

Òfin rẹ̀ kò gùn: èyí tó bá ní ogán, akọ ni, èyí tí kò bá ní, abo ni, ó parí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó kúkú la ojú wò ó, yóò wo ẹni náà tàánú-tàánú. "Ojú a máa puró," ni yóò wí. "Etí ńkọ́? Ẹ má dárúkọ etí níwájú mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yìí, kì í puró."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀rọ̀ fẹ́ bẹ́yìn yọ. Àwọn kan ní Ìlóro ra àkùkọ ológán kan tí ọwọ́ Dúrójayé yàn fún ìkómọ. Nígbà tí wọ́n la inú rẹ̀, ẹyin ni wọ́n bá, wẹ́ẹ́rẹ́-wẹ́ẹ́rẹ́, ó tò bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọge. Wọ́n bu ẹyin náà sínú àwo, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn wá sí Ìjurìn láti wá bi í léèrè. Dúrójayé wo inú àwo náà títí, ó sì mi orí.

"Ẹ ò rí olójúkòkòrò àkùkọ!" ló wí. "Ẹyin àwọn ìyàwó rẹ̀ ló gbé mì!"

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì padà sí Ìlóro. Mo ti rí i láyé yìí pé bí èèyàn bá dúró gbọn-in puró, òótọ́ fúnra rẹ̀ a máa tọrọ gáfárà.

Báyìí ni ayé ń lọ títí di ọdún tí mò ń sọ yìí. A ti di ará Ìpínlẹ̀ Òǹdó nígbà náà. Àkúrẹ́ là ń wò fún ohun gbogbo, Àkúrẹ́ náà sì ń wò wá. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ku ọjọ́ mẹ́jọ géérégé. Dúrójayé ti fẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí àkùkọ kan níwájú gbogbo ìjọ, ó sì ti fi kún un pé ológán gbọọrọ ni, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ìlérí kékeré. Ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé àrùn tó ń pa adìyẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ti gbé àkùkọ náà lọ láti ìjẹta, òun sì ti sin ín sẹ́yìn ilé bí ẹni sin àbíkú.

Àárọ̀ Sátidé ni Samuel, akọ̀wé ìkórè, dé pẹ̀lú ìwé abẹ́ abíyá rẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, Baba Mary. Orúkọ yín ló wà lókè pátápátá níhìn-ín: àkùkọ kan, ológán."

"Ṣé mo ní kò sí ni?" ni Dúrójayé wí.

"N kò wí bẹ́ẹ̀, sà. Mo kàn ní kí n fojú kàn án ni."

"O fẹ́ fojú kàn án! O rí ìṣòro yín báyìí, ẹ̀yin akọ̀wé. Ojú, ojú, ojú."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sẹ́bàá ilé ìdáná, nítorí ó mọ̀ pé àgò kan wà níbẹ̀ tí adìyẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Adìyẹ ta ni? Kò mọ̀. Ọkùnrin tó ń yẹ adìyẹ gbogbo ìlú wò kò ráyè wo èyí tó wà nínú ilé rẹ̀. Ó gbé etí àgò sókè díẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó di ojú. Ojú rẹ̀ sì kún fún ẹ̀rín. Ogán ni! Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ogán. Ẹsẹ̀ òsì, ogán tó tún gùn ju ti ọ̀tún lọ.

"Olúwa ti pèsè," ni Dúrójayé wí, ó sì fa adìyẹ náà síta lẹ́sẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ yọ láti ilé ìdáná tòun ti orógùn lọ́wọ́. "Baba Mary, kí lẹ dì mú yẹn?"

"Àkùkọ ìkórè."

"Àkùkọ bàbá ta ni? Ìyá-ń-wò lẹ fi orí rẹ̀ sọlẹ̀ yẹn! Àgbébọ̀ mi ni!"

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ níhìn-ín kí n sọ ẹni tí Ìyá-ń-wò jẹ́. Ọdún méje ṣáájú ni ìyá Àbẹ̀kẹ́, ní Ìlóro, fi òròmọdìyẹ kan lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ pé kó lọ máa sìn ín. Kò pẹ́ sí i tí ìyá náà fi papò dà. Ilé ìyá wó, aṣọ rẹ̀ gbó, àwọn ìbátan pín ìkòkò rẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Adìyẹ yìí nìkan ló kù tí ọwọ́ ìyá ti kàn rí tó ṣì ń mí. Ìdí nìyí tí Àbẹ̀kẹ́ fi sọ ọ́ ní Ìyá-ń-wò, adìyẹ náà sì ń pa ọmọ títí wọ́n fi kún inú ọgbà ilé náà.

"Àgbébọ̀?" ni Dúrójayé wí. Ó gbé ẹsẹ̀ adìyẹ náà sókè kí Samuel lè rí i. "Ṣé ogán rèé àbí ìka ọwọ́ mi?"

"Ogán ni," ni Àbẹ̀kẹ́ dáhùn. "Ogán arúgbó ni. Ìyá mi sọ fún mi pé bí àgbébọ̀ bá dàgbà, ogán a máa yọ lẹ́sẹ̀ òmíràn, bí irùngbọ̀n ṣe máa ń hù lágbọ̀n obìnrin tó ti darúgbó."

"Ìyá rẹ, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, wọn kò fọwọ́ yẹ adìyẹ wò rí."

"Ẹyin rẹ̀ lẹ fi jẹ iṣu láàárọ̀ ọdún Àjíǹde!"

"Ta ló rí i nígbà tó ń yé e? Abo mìíràn ló lọ yé ẹyin sí ibùsùn rẹ̀. Nǹkan tí àwọn abo máa ń ṣe nìyẹn."

"Kò kọ rí, Baba Mary. Láti ọdún méje, kò kọ kókorókò kan báyìí."

"Onírẹ̀lẹ̀ ni. Ṣé gbogbo ọkùnrin ló gbọ́dọ̀ pariwo?"

"Nínú ulé yìí," ni Àbẹ̀kẹ́ wí, "n kò tíì rí èyí tí kì í pariwo."

Samuel fi ìwé bojú. Ẹ̀rín tó ń rín lábẹ́ ìwé náà ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, bóyá Dúrójayé ì bá rí ọ̀nà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá fi ṣe ẹlẹ́yà lójú akọ̀wé ìkórè kò lè yẹ̀ mọ́. Ó kígbe pé òun yóò pa á, òun yóò gbé e lọ, ọwọ́ òun kì í puró.

Àbẹ̀kẹ́ ju orógùn sílẹ̀, ó sì gba ilé Baba Ògúngbèmí lọ.

Baba Ògúngbèmí ni olórí àdúgbò, alágbẹ̀dẹ ni, Ògún ló ń bọ, kò sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí àfi lọ́jọ́ tó lọ tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe. Ó fi ẹwìrì sílẹ̀, ó wá, ó wo adìyẹ, ó wo ọkọ, ó wo ìyàwó.

"Èyí rọrùn," ló wí. "Ẹ fi àgò dé e mọ́lẹ̀ ní gbangba fún ọjọ́ méje. Bó bá yé ẹyin kí oòrùn ọjọ́ Jímọ̀ tó wọ̀, abo ni, ẹ fi sílẹ̀ fún Àbẹ̀kẹ́. Bí kò bá yé, akọ ni, ẹ gbé e lọ fún Ọlọ́run yín. Ṣùgbọ́n bó bá yé o, Dúrójayé, ìwọ náà yóò fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́jọ́ ìkórè, o kò sì ní ki ọwọ́ bọ agbọ̀n adìyẹ ẹnikẹ́ni mọ́ títí ayé."

"Mo gbà," ni Dúrójayé wí. "Ṣùgbọ́n èmi ni n óò ṣọ́ ọ. Mo mọ obìnrin. Ẹyin lè ti abẹ́ ìró bọ́ sábẹ́ àgò."

"Máa ṣọ́ ọ," ni Baba Ògúngbèmí wí. "Bó o bá tilẹ̀ fẹ́, bá a wọ abẹ́ àgò."

Bẹ́ẹ̀ ni Dúrójayé ṣe gbé àpótí kalẹ̀ lábẹ́ etí òrùlé, tó jókòó ti àgò. Kò lọ sóko. Kòkó pọ́n, ọ̀kẹ́rẹ́ ń bá a kórè. Bó bá fẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé, yóò gbé àgò àti adìyẹ dání. Lálẹ́, yóò gbé e wọ yàrá. Oúnjẹ tí Àbẹ̀kẹ́ ń sè fún ọkọ rẹ̀ kò yàtọ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ti adìyẹ ló yàtọ̀. Ó ń wú ikán wá fún un láti ẹ̀yìn ilé, ó ń gún ìkarahun ìgbín mọ́ àgbàdo kí ẹyin lè rí èèpo fi bo ara. Dúrójayé ń wo ikán tó sanra náà, ó ń wo ọbẹ̀ tirẹ̀ tí kò ní ẹran, ó sì ń gbé òkèlè mì.

Ẹnu àdúgbò kò sì sinmi. Hannah, ìyàwó ilé kejì, tó ń yan gàrí lẹ́yìn ògiri, kò jẹ́ kí àárọ̀ kan kọjá.

"Ẹ kú ìsàba o, Baba Mary!"

"Hannah, wo iwájú agbada rẹ."

"Mò ń wò ó, sà. Ọjọ́ kọkànlélógún ni yóò pa o! Kí ẹ má dìde lórí rẹ̀ kó tó pé o, kó má baà dọ̀bu!"

Ó di pé bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà bá wá béèrè ilé Dúrójayé, wọ́n á bi í pé èwo, ṣé èyí tó ń sàba ni? Adìyẹ kúkú ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Dúrójayé kò ní ìyẹ́, gbogbo ayé rí òógùn tirẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà pé, kò sí ẹyin. Àbẹ̀kẹ́ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Adìyẹ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹyọ kan péré," ló ń wí. "Ìyá-ń-wò, ẹyọ kan. Kí ó kéré bí àgbálùmọ̀ tó já lọ́mọdé, yóò tó mi."

Dúrójayé wúkọ́. "Bí wọ́n bá gbé e lọ," ló wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ ju bó ṣe fẹ́ lọ, "n óò ra òmíràn fún ọ. Ìjerò kún fún adìyẹ."

"Ẹ ṣeun," ni Àbẹ̀kẹ́ wí. "Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ bá mi wò ó bóyá ìyá mìíràn náà wà lórí àtẹ."

Ó dìde, ó wọlé. Ọ̀rọ̀ náà jókòó sórí àpótí pẹ̀lú Dúrójayé, kò sì dìde títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ dé. Gbogbo ìyá ìjọ ti lọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, Àbẹ̀kẹ́ pẹ̀lú wọn. Àdúgbò dákẹ́, àfi agbada Hannah tó ń dún ṣà-ṣà lẹ́yìn ògiri. Dúrójayé ń tòògbé. Ohun kan ń họ ilẹ̀ lábẹ́ àgò. Ó la ojú kan. Ìyá-ń-wò ń yí po, ó ń fi àyà walẹ̀, ó ń fi ẹnu to pàǹtí sábẹ́ ara rẹ̀ bí ìyá tó ń tẹ́ ẹní fún àlejò. Dúrójayé la ojú kejì.

"Má dán an wò," ló sọ fún adìyẹ náà jẹ́jẹ́.

Adìyẹ wò ó. Ó lúgọ. Ó gbé ìdí sókè díẹ̀. Ó sì dán an wò.

Ẹyin náà kò tóbi, ó funfun ṣákálá, omi ara rẹ̀ kò tíì gbẹ. Dúrójayé wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ní ìṣẹ́jú yẹn, àwo ẹyin wẹ́ẹ́rẹ́-wẹ́ẹ́rẹ́ ti Ìlóro padà wá síwájú rẹ̀, àti gbogbo àgbébọ̀ ológán tí ọwọ́ rẹ̀ ti rán lọ sí ìkòkò láti ogún ọdún, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ bí ẹni ń lọ fún Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ẹni gidi ì bá ké sí Hannah kó wá jẹ́rìí. Ẹ gbọ́ ohun tí Dúrójayé ṣe: ó gbé àgò, ó mú ẹyin, ó sì sọ ọ́ sínú àpò dàńṣíkí rẹ̀.

Ó ti rò ó pé ọ̀rọ̀ parí. Ọkùnrin tó mọ gbogbo ẹsẹ̀ adìyẹ ayé ti gbàgbé ẹnu wọn. Adìyẹ kì í yé ẹyin kó dákẹ́. Ìyá-ń-wò gbé ọrùn sókè.

"Kọ-kọ-kọ-kẹ́ẹ̀! Kọ-kọ-kọ-kẹ́ẹ̀!"

"Ṣẹ́ẹ̀!" ni Dúrójayé wí. Ó bọ́ fìlà, ó fi bo àgò. "Kọ-kọ-kọ-kẹ́ẹ̀!" Ó fi aṣọ bò ó. Ó fi ara bò ó. Igbe náà ń gba abẹ́ ara rẹ̀ jáde bí ẹni pé inú tirẹ̀ ló ti ń wá. Agbada Hannah dákẹ́.

Orí Hannah yọ lókè ògiri. "Baba Mary! Adìyẹ yín ti yé!"

"Kò yé nǹkan kan."

"Mo gbọ́ igbe rẹ̀!"

Dúrójayé dùbúlẹ̀ lórí àgò bẹ́ẹ̀, kí ló tún kù tí yóò sọ? Ọpọlọ rẹ̀ sáré yí gbogbo irọ́ inú rẹ̀ wò, èyí tó wà lókè jù ló sì mú. "Èmi ni," ló wí. "Èmi ni mo ké. Àárẹ̀ mú mi, mò ń fi ṣeré."

Hannah wò ó títí. "Ẹ kú eré o, sà," ló wí, orí rẹ̀ sì wọlẹ̀. Kò padà sídìí gàrí. Ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló gbà, eré ló sì ń sá.

Kí oòrùn tó rẹlẹ̀, àdúgbò ti kún. Baba Ògúngbèmí dé, ó jókòó. Samuel dé pẹ̀lú ìwé. Àbẹ̀kẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hannah, ìgbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì í mú gírígírí. Wọ́n gbé àgò kúrò. Wọ́n tú pàǹtí wò. Kò sí ẹyin.

"Ọjọ́ pé," ni Dúrójayé wí. "Samuel, kọ ọ́ sílẹ̀: àkùkọ kan."

"Mo gbọ́ igbe ìyé-ẹyin lọ́sàn-án yìí," ni Hannah wí, "bí mo ṣe ń gbọ́ ohùn ara mi yìí. Baba Mary ní àwọn ni àwọn ké."

Baba Ògúngbèmí yíjú sí i. "Dúrójayé, ṣé ìwọ lo ké?"

"Èmi ni."

"Bíi ti adìyẹ?"

"Bíi ti adìyẹ, Baba."

"Kò burú. Tún un ké kí á gbọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ìtìjú láyé. Mo ti rí ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ já lójú agbo. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà ọmọ ìjọ ọgọ́ta ọdún dúró láàárín àdúgbò, kó sì ké bí àgbébọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé, èyí ju ìtìjú lọ, iṣẹ́ ni. Dúrójayé fi ọwọ́ pa ẹnu. "Kọ-kọ-kẹ̀," ló wí, bí ẹni tí ó gbé eegun ẹja mì.

"Rárá o," ni Hannah wí. "Ó lọ sókè ju báyìí lọ. Ó sì gbọ́rùn sókè."

"Gbọ́rùn sókè," ni Baba Ògúngbèmí wí.

Dúrójayé gbọ́rùn sókè, ó di ojú gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ nídìí agbọ̀n, ó sì fi gbogbo ara ké e. "Kọ-kọ-kọ-kẹ́ẹ̀! Kọ-kọ-kọ-kẹ́ẹ̀!" Kò tíì sí igbe tó dára tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ìjurìn, wọ́n ní àwọn kan gbọ́ ọ ní Ìjerò, n kò sì ní ìdí láti jiyàn. Gbogbo abo adìyẹ àdúgbò gbórí sókè. Ìyá-ń-wò, tó dúró lórí ẹsẹ̀ ológán rẹ̀, dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ọlọ́mọ ṣe ń kí ọlọ́mọ.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń dúró de Baba Ògúngbèmí, òun náà sì ń fi ìka ya irùngbọ̀n rẹ̀.

"Igbe náà pé," ló wí níkẹyìn. "Mo gbà pé ìwọ lo ké e. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò gbọ́ pé adìyẹ ké báyìí láìyé. Níbo lẹyin tìrẹ wà, Dúrójayé?"

Eré ni bàbá ń ṣe. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé eré ni. Àfi ọwọ́ Dúrójayé. Kó tó rò ó, kó tó mọ ohun tí yóò sọ, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti gbéra fúnra rẹ̀, ó ti lọ bá àpò dàńṣíkí, ó sì dì í mú gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀.

Gbogbo ojú tẹ̀lé ọwọ́ náà. Dúrójayé náà wo ọwọ́ ọ̀hún bí ẹni wo ọ̀rẹ́ tó dalẹ̀.

Ó ki í bọ àpò. Ó mú ẹyin náà jáde. Ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́.

Dúrójayé wá sọ̀rọ̀ kan tí ìlú ń wí títí di òní. Ó na ẹyin náà sí Àbẹ̀kẹ́, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó sì wí pé, "Ṣé mo sọ fún yín? Ọwọ́ mi yìí, kì í puró."

Ẹ̀rín tó bú sóde nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Baba Ògúngbèmí ní láti fi ara ti Samuel, ọmọ Ògún fi ara ti ọmọ ìjọ. Àbẹ̀kẹ́ nìkan ni kò rín. Ó gba ẹyin náà, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé Ìyá-ń-wò mọ́ra. Dúrójayé rí i bí ejìká rẹ̀ ṣe ń mì. Ó bá a bẹ̀rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń ké ju adìyẹ lọ. "Ìyá Mary," ló wí, "má bínú." Wọ́n ní kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó dàbí ẹni pé ó dùn ún lẹ́nu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jọ lọ sọ́jà Ìjerò láti ra àkùkọ ìkórè. Àbẹ̀kẹ́ ló ki ọwọ́ bọ agbọ̀n, ó la ojú méjèèjì sílẹ̀ rekete, ó wo ògbè, ó wo ìrù, ó gbọ́ ohùn kó tó mú un. Dúrójayé ló ru àgò. Lọ́jọ́ Sunday, ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì gẹ́gẹ́ bí àdéhùn, ó sì sọ ọ́. Ọ̀nà tó gbà sọ ọ́ ni ẹ óò fi mọ̀ pé ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀: ó ní lẹ́yìn ìwádìí ọlọ́jọ́ méje tí òun fi ara òun ṣe, láìsùn láìwo, òun ti rí i dájú pé ogán a máa yọ lẹ́sẹ̀ abo adìyẹ tó bá ti dàgbà, kò sì ní kó má yé ẹyin, kí ìjọ gbàdúrà fún àwọn tí kò mọ̀. Bàbá ìjọ kan ní Àmín. Hannah, tó wà lẹ́yìn, ní "Kọ-kọ-kẹ́ẹ̀."

Ìyá-ń-wò lò tó ọdún mẹ́rin sí i. Ẹyin rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, ogán rẹ̀ ló ń gùn sí i. Lójú mi báyìí ni àṣá kan balẹ̀ lórí àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, tí Ìyá-ń-wò fi ogán náà gún un débi pé àṣá ọ̀hún fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Nígbà tó kú, Dúrójayé ló gbẹ́ ilẹ̀ fún un, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọbẹ̀.

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó wọ ọkọ̀ lọ sí Àrámọ̀kọ. Hannah ti ṣí lọ síbẹ̀, ó wà láàyè, eyín rẹ̀ pé, gàrí ló ṣì ń tà nítòsí ibùdókọ̀. Kí ẹ béèrè Hannah tó máa ń ké bí adìyẹ, ọmọdé yóò mú yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Yóò jẹ́rìí gbogbo ohun tí mo sọ. Àfi pé yóò ní ẹyin méjì ló wà nínú àpò. Ẹyọ kan ni. Ẹ máa fi sùúrù gbọ́ tirẹ̀. Obìnrin náà fẹ́ràn àbùmọ́.